Òwú Àràbà Ni Èèwọ̀ Àyà Mi

Ìrun alásárì ni mo ń pè lọ́jọ́ náà, ọyẹ́ sì mú gan-an. Mo dúró lórí pèpéle mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Ìgànná, mo fi ìka bọ etí, mo gbé ohùn sókè bí mo ti máa ń gbé e láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí jẹ Ládánì. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti ń ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá kírun, mo ya ẹnu, ohùn kò jáde. Mo tún èémí fà. Ó wọlé díẹ̀, ó kọ̀, kò jáde. Ìró tín-ín-rín kan ló ń ti àyà mi wá, bí ilẹ̀kùn onírin tí wọn kò fi epo sí. Alfa Mùsílíù tó wà nísàlẹ̀ pèpéle wò mí lójú, ó rí i pé nǹkan ti ṣe, ó gba ìpè náà lẹ́nu mi, ó sì pè é parí.

Lẹ́yìn ìrun, wọ́n yí mi ká. Mo ní eruku ọyẹ́ ni. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tàn wọ́n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ta ni eruku ọyẹ́ kì í bá jà nílẹ̀ wa? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń rìn lọ sílé, ṣe ni mo ń dúró lójú ọ̀nà, tí mo ń ṣe bí ẹni tó ń wo nǹkan lára ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èémí ni mò ń wá.

Mo kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nítorí ẹni tí irú rẹ̀ bá dé bá, tàbí tó bá dé bá ọmọ rẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ara mi fojú rí ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí wọ́n là yé mi, àti èyí tí kò yé mi títí dòní.

Làmídì ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa, Bàbá Ràfíátù ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ìrọ̀rí àti bẹ́ẹ̀dì ni mo ń ṣe. Ní àwọn ọdún tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, fóòmù kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi orí lé ohun tó rọ̀, òwú àràbà ló máa fi orí lé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, èso àràbà á là lórí igi, àwọn ará oko á ṣa òwú rẹ̀ sínú àpò, wọ́n á gbé e tọ̀ mí wá. Màá yọ kóró inú rẹ̀, màá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lù ú kó lè wú, màá wá kì í sínú aṣọ tí mo ti rán. Bí mo bá ń lù ú lọ́wọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á funfun. Òwú a máa bà lé mi nírùngbọ̀n, a máa wọ imú mi, n kì í sì í kà á sí. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ yìí títí ó fi darúgbó, n kò gbọ́ kó wúkọ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, nǹkan náà kò lọ. Ikọ́ gbígbẹ ni, kì í gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ púpọ̀ wá. Àyà á fún mi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já gbà á. Àárọ̀ ló máa ń le jù. Mo ti rò pé àìsàn èémí ni kí èèyàn má lè fa èémí sínú. Àṣé títú u jáde gan-an ni wàhálà. Èyí tó wà nínú kì í jáde tán, èyí tó wà níta kì í rí àyè wọlé. Ìyàwó mi, Ìyá Ràfíátù, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ tirẹ̀. Ó gbé etí sún mọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, “Bàbá Ràfíátù, ẹyẹ wo ló ń sunkún láyà yín?”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́.

Ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe èémí nìkan. Ikọ́ ife ni gbogbo èèyàn máa ń rò bí wọ́n bá ti gbọ́ ikọ́ tí kò lọ. Kọ́ọ̀pù kan ni a fi ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò mọ́sáláṣí. Lọ́jọ́ kan tí mo mu omi tán, mo rí ọkùnrin kan tó tẹ̀ lé mi bó ti fọ kọ́ọ̀pù náà, tó tún un fọ̀, tó wá wò ó kó tó bu omi tirẹ̀. N kò bínú sí i. Èmi gan-an ni mo lọ ya abọ́ tèmi sọ́tọ̀ nílé. Nígbà tí Ìyá Ràfíátù rí abọ́ náà níbi tí mo gbé e sí lórí pẹpẹ, ó gbé e kalẹ̀. Ó bu ọkà sí i, ó gbé e síwájú mi, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà.

Mo ní, “Ìyá Ràfíátù, ó lè ràn ọ́.”

Ó ní, “Bó bá jẹ́ òun ni, ó ti ràn mí tipẹ́. Ẹ jẹun.”

A lo agbo. A lo oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Mo mu hàǹtú, omi tí alfa fi fọ wàláà. Ẹ̀gbọ́n mi Ògúndélé, tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, òun ń sin Ògún, ó sì ń ṣọdẹ. Ó bá mi wá òrí tí mo fi ń ra àyà. N kò ní bú ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àyà mi kò gbọ́.

Ọjọ́ tó le jù lọ, ọ̀sán gangan ni, nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti sanwó bẹ́ẹ̀dì ìyàwó tuntun kan, ọjọ́ sì ti sún mọ́lé, ni mo bá dojú kọ òwú, mò ń lù ú. Láìpẹ́, àyà mi dì. Mo jókòó, kò rọ̀. Mo dìde, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, mo fi èjìká fa èémí bí ẹni tó ń fa omi kànga. Mo fẹ́ pe ẹni tó ń kọjá, n kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kí n tó sinmi. Ibẹ̀ ni Ògúndélé bá mi. Ẹran ìgbẹ́ ló gbé wá fún wa. Ó ju ẹran sílẹ̀.

“Làmídì! Kí ló dé?”

“Èémí,” ni mo wí.

Ó wo ọrùn mi, ó rí bí ihò ọ̀fun mi ti ń rì wọlé nígbà tí mo bá fa èémí. Ó ní òun ti rí ẹran tó ń mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì pẹ́ láyé mọ́. Ó sáré jáde, ó dá ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó gàrí lọ sí Ìsẹ́yìn dúró. Wọ́n fi mí síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹ̀gbọ́n mi di ẹ̀yìn mi mú kí n lè jókòó gán-ún, nítorí bí mo bá fẹ̀yìn tì, ṣe ló ń dà bí ẹni pé mò ń rì sómi. Ọ̀nà náà pupa, ó gún, ó kún fún eruku. Ní gbogbo ọ̀nà, n kò ro ikú. Ohun tí mò ń rò ni pé kí èyí tí mo fà yìí jáde kí n lè fa òmíràn.

Ní ilé ìwòsàn, èèyàn kún orí bẹ́ńṣì títí dé ìta. Ògúndélé fẹ́ máa pariwo, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá rí ọrùn mi, ó sì mú wa wọlé ṣáájú gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún ẹni tó ń kà á: bí ẹ bá rí ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ láìsinmi, tí ọrùn rẹ̀ àti ààrin ìhà rẹ̀ ń rì wọlé, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ má ṣe jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ má sì dúró de agbo kó hó. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú àgbá sí mi nímú. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ sínú iṣan apá mi, wọ́n ń tì í díẹ̀díẹ̀. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣí fèrèsé kan láyà mi, ó tún ṣí òmíràn. Mo sọkún bí ọmọdé. Ògúndélé gbé ojú sí ògiri.

Dókítà tó tọ́jú mi, obìnrin ni, kò tíì tó ọmọ ogójì ọdún. Ó ní kí a dúró. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi lọ wò. Ìdúró yẹn ni mo fi mọ̀ pé ẹ̀rù ikọ́ ife wúwo lórí mi ju àìsàn gan-an lọ. Nígbà tí ó padà wá, ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

“Bàbá, kì í ṣe ikọ́ ife. Ikọ́ fée ni, èyí tí a ń pè ní ásímà. Kì í ràn.”

“Kì í ràn rárá?”

“Rárá. Ẹ lè bá ìyàwó yín jẹun nínú abọ́ kan.”

“Ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀,” ni mo dáhùn.

Ó rán nọ́ọ̀sì kí ó já ewé ìbẹ́pẹ wá lẹ́yìn ilé. Ó gé ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó fi ìka fún un, ó ní kí n tún fẹ́ ẹ: ó ń dún fée, fée. Ó ní bí àwọn ọ̀nà èémí nínú ẹ̀dọ̀fóró ti rí nìyẹn, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó pín bí ẹ̀ka igi. Bí ikọ́ fée bá dé, iṣan tó yí ọ̀pá náà ká á fún un pa. Awọ inú rẹ̀ á wú, á pupa, bí ojú tí nǹkan bọ́ sí. Itọ́ tó ki á sì dí ìwọ̀nba ihò tó kù. Abẹ́rẹ́ lè tú ìfúnpa náà ká kíákíá. Wíwú inú ọ̀pá ni kì í tètè lọ, òun ló sì ń jẹ́ kí nǹkan náà máa padà wá.

Ó ní ohun kan wà tí ara mi ń kọ̀. “Ṣé ẹ mọ èèwọ̀?”

Ògúndélé dá a lóhùn kí n tó ya ẹnu. “A mọ̀ ọ́n. Ẹran tí ìdílé kan ń pa jẹ, ìdílé mìíràn ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ara. Eruku tí ẹlòmíràn ń fà símú tí kò ṣe é ní nǹkan kan, àyà bàbá yìí kà á sí olè. Àwọn ọlọ́dẹ inú ara á jáde sí i, wọ́n á máa ju iná. Eruku náà kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n iná tí wọ́n jù ń jó ilé onílé.” Ó yíjú sí mi. “Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

Mo sọ fún un. Ó ní mo ní láti fi òwú àràbà sílẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi ni. Ó ní òun mọ̀, ó sì dun òun.

Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí n kò retí. “Kí lẹ máa ń jẹ?”

“Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, ọkà lálẹ́.”

“Ẹ̀fọ́ ńkọ́?”

“Bó bá wà.”

“Èso ńkọ́?”

“Dókítà, mo ti ní ọmọ tó tó lọ sílé ọkọ. Ṣé kí Ládánì máa mu máńgòrò lójú pópó ni?”

“Ẹ mu ún nínú ilé,” ló wí.

Ó ní nǹkan kan wà tí àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí lọ́wọ́, òun kò sì lè fi búra. Iná tí àwọn ọlọ́dẹ inú ara ń jù yẹn, èérún rẹ̀ a máa ba awọ ọ̀nà èémí jẹ́, bí ìpáàrà ti ń jẹ irin, tàbí bí iṣu tí a bẹ sílẹ̀ ti ń dúdú nínú afẹ́fẹ́. Àwọn èròjà kan sì wà nínú èso àti ẹ̀fọ́, títí kan fítámì tó wà nínú ọsàn àti àwọ̀ pupa inú tòmátò àti epo pupa, tí wọ́n máa ń pa èérún iná náà kó tó ṣe ọṣẹ́. Orúkọ tó pè é lédè òyìnbó gùn. Èmi ti sọ ọ́ ní adènà ìpáàrà. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ń jẹ wọ́n dáadáa ní wíwú tó kéré bí èèwọ̀ rẹ̀ bá bá a pàdé. “Ó ṣeé ṣe ni mo wí o, Bàbá. Èso ò ní gbapò oògùn. Bí ẹ bá fi hóró oògùn tí mo kọ fún yín sílẹ̀ nítorí ọsàn, èmi àti ẹ̀yin á tún pàdé níbí.”

N kò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn fi dì mọ́ mi lọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Bóyá nítorí pé gbogbo nǹkan tó kù tó sọ jẹ́ ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe, tí èyí nìkan sì jẹ́ ohun tí mo lè ṣe.

Nígbà tí a délé, mo ní kí Ìyá Ràfíátù gé ewùrà sí méjì. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a gbé méjèèjì sórí àwo. A jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ àlejò. Èyí tí kò ní ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń ṣókùnkùn lọ. Èyí tó ní ọsàn funfun síbẹ̀.

Ìyá Ràfíátù gbé àwo náà, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. “Ó dáa o. Ṣé kí n wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí yín láyà ni?”

Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀. Iṣu kì í ṣe àyà. Nígbà tí mo sọ fún dókítà lẹ́yìn náà, ó ní kíkan ọsàn náà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó dá iṣu dúró, kí n má ṣe rò pé bó ti ṣe lórí àwo ló ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ilé wa ti yí padà. Ìyá Ràfíátù ń se ìṣápá, ó ń se tẹ̀tẹ̀, ó ń fi tòmátò tútù sí i. Ògúndélé kì í ti oko ọdẹ bọ̀ lásán mọ́: bí kò bá gbé àwìn wá, á gbé èso oṣè tí ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kan lẹ́nu. A ń po ó mọ́ omi, a ń fi oyin sí i. Mo sì mu ọsàn. Inú ilé ni mo ti kọ́kọ́ ń mu ún.

Mo fi òwú sílẹ̀. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan ní òpin ìlú máa kì í, kí n máa rán aṣọ rẹ̀ nìkan. Mo ń lo hóró oògùn déédéé. Àyà mi rọ̀ lọ́sàn-án. Láàárọ̀, ẹyẹ náà ṣì ń sunkún. Oṣù kọjá, kò yí padà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀rọ̀ èso yẹn, ìtàn lásán ni.

Ògúndélé ló dé lọ́jọ́ kan, tó jókòó sórí àpótí tó kọjú sí mi, tó ń bi mí léèrè bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran.

“Nígbà wo ló máa ń dì jù?”

“Bí mo bá jí láàárọ̀.”

“Kó o tó jí, níbo lo wà?”

“Ibo ni mo tún máa wà? Orí bẹ́ẹ̀dì mi ni…”

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan Ìyá Ràfíátù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yíjú sí iyàrá. Bẹ́ẹ̀dì náà wà níbẹ̀, ó ga, ó nípọn, ìrọ̀rí méjì lórí rẹ̀. Òwú àràbà ni láti òkè dé ilẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é nígbà tí mo fẹ́ Ìyá Ràfíátù sílé. Nínú gbogbo bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ṣe láyé mi, kò sí èyí tí mo fara balẹ̀ ṣe tó o. Lórí rẹ̀ ni Ìyá Ràfíátù ti gbé gbogbo ọmọ wa sáyà.

Ìyá Ràfíátù ló dìde. Ó wọ iyàrá, ó ká aṣọ orí rẹ̀ kúrò, ó fi ọwọ́ gbá ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Ọdẹ, ẹ bá mi gbé e jáde. Bàbá Ràfíátù, ẹ jìnnà síbí.”

Wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ tó ti ṣá lẹ́yìn ìlú, wọ́n dáná sun ún. Èmi dúró lókèèrè níbi tí èéfín kò lè dé. Nígbà tí Ìyá Ràfíátù padà dé, eérú wà lórí gèlè rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní èéfín ni. Mo gbà pé èéfín ni. Orí ẹní la sùn láti ọjọ́ yẹn, aṣọ tí a ká ni a fi ṣe ìrọ̀rí, ó sì ń fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó ń sá a sóòrùn.

Àìpẹ́ sí i, ẹyẹ náà dákẹ́. Mo jí láàárọ̀ kan, mo dùbúlẹ̀, mò ń retí rẹ̀, kò sí ohun tó dún. Ìgbà yẹn gan-an ni máńgòrò pọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ náà sì ti rọ̀, ó ti pa eruku.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wá di àlọ́ fún mi. Kí ló wò mí sàn? Mo bi Ògúndélé. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Bí ọdẹ mẹ́ta bá yìnbọn lu ẹran kan lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ pín in ni, kí wọ́n má jà.” Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà. Oògùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì tí a sun wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀. Ṣé ìbọn èso bà á, àbí afẹ́fẹ́ lásán ló yìn ín sí?

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e dé, èmi sì ń ṣọ́ ara mi. Àyà mi fún díẹ̀ láwọn ọjọ́ tí eruku pọ̀, kò dá mi wó. Lẹ́yìn náà ni Ràfíátù bímọ ní Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ sì lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Mo dá wà nílé. Ẹ mọ bí ọkùnrin tó dá wà ti ń jẹun: gàrí ni láàárọ̀, gàrí ni lọ́sàn-án, ẹja gbígbẹ ni gbogbo ẹran. N kò rántí ìṣápá, n kò rántí ọsàn. Oògùn nìkan ni n kò fi sílẹ̀. Kò pẹ́ tí fée, fée fi tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ràfíátù dé, tó gbọ́ ọ, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹ̀fọ́. Láàárín ìgbà díẹ̀, ara mi tún balẹ̀.

Inú mi dùn bí ẹni tó rí ìṣúra. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn, mo lọ ro ẹjọ́ mi fún dókítà. Mo ní a ti rí ìdáhùn: èso ni!

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, “Bàbá, nígbà tí Ìyá ò sí nílé, ta ló ń gbálẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Ẹ máa ń wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá a?”

N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ìyàwó mi kì í gbá ilẹ̀ gbígbẹ láéláé. Èmi ni mò ń gbá eruku sókè, tí mo tún ń fà á símú. Dókítà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò sọ pé kì í ṣe èso. Ó lè jẹ́ èso, ó lè jẹ́ ìgbálẹ̀, ó lè jẹ́ méjèèjì. Ó ní ara èèyàn kan ṣoṣo kò tó láti fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀; ọ̀pọ̀ èèyàn la ó wò, fún ìgbà pípẹ́, kí a tó mọ̀. “Ẹ máa jẹ ẹ́,” ló wí. “Ó ń ṣe yín lóore níbòmíràn bí kò bá tilẹ̀ ṣe àyà.”

Mo ń jẹ ẹ́ títí dòní. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ó ń ràn mí lọ́wọ́. N kò lè fi búra, gẹ́gẹ́ bí òun náà kò ti búra fún mi, mo sì ti kọ́ láti gbé pẹ̀lú “ó ṣeé ṣe.” Ohun tó dá mi lójú nìwọ̀nyí, mo sì fi lé ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ lọ́wọ́: ẹ wá ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ara yín títí dé orí ibùsùn yín, ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ nígbà tí ara bá dẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú abọ́ yín, bí èémí bá sì kọ̀, ẹ sáré.

Ikọ́ fée kò lọ pátápátá. Ó ń gbé nínú ilé bí arúgbó àlejò tó ti mọ́ wa lára. Àwa méjèèjì ti mọ ìwà ara wa. Nínú ọyẹ́, Alfa Mùsílíù ló ń pe ìrun. Bí òjò bá ti dé, èmi á tún gun pèpéle. Kò sí ẹni tó ṣe àpérò lé e lórí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Fóòmù náà ti wá dé ìlú wa, gbogbo ìyàwó tuntun ló ń fẹ́ ẹ. Aṣọ rẹ̀ ni mò ń rán, owó sì ń wọlé.

Tẹ́lẹ̀, bí ẹnìkan bá ní kí n dúpẹ́ ara, ojú tó ń ríran ni màá rò, tàbí ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń rántí dúpẹ́ pé èémí jáde? Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò béèrè àṣẹ, kò dúró gba ọpẹ́. Ó di ìgbà tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ gàrí kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bùn ni gbogbo èyí tó ti kọjá.

Ní ọdún kejì lẹ́yìn tí a sun bẹ́ẹ̀dì náà, èmi àti Ìyá Ràfíátù ń lọ sí oko láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀nà náà gun òkè díẹ̀. A ń jiyàn lórí ibi tí ó yẹ kí a gbin tòmátò sí; ó ní ẹ̀gbẹ́ odò, mo ní rárá, abẹ́ igi ọsàn. Ó ń sọ, mò ń já a lẹ́nu. Ó ń gbé ohùn sókè, mò ń gbé tèmi. Lójijì ló dúró láàárín ọ̀nà, ó ń wò mí.

Mo ní, “Kí ló dé? Ṣé mo ṣe àṣìsọ ni?”

“Rárá,” ló wí. “Ó ti pẹ́ tí ẹ kò ti lè bá mi jiyàn gun òkè.”

Ó yíjú, ó ń lọ. Mo tẹ̀ lé e, mo sì ń bá àríyànjiyàn mi lọ.